Òwú tó kù nílé: ẹni tó bá ti fi hun ìbọ̀sẹ̀ rí, kó sọ tiẹ̀

Ìyá Olówùú:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń hun fìlà àti súwẹ́tà ìkómọ, ẹ mọ bí àṣẹ́kù òwú ṣe ń di ẹrù. Báàgì Ghana-Must-Go kan ti kún lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi ní Mọ́dákẹ́kẹ́: búlúù díẹ̀, yẹ́lò díẹ̀, pupa tí kò lè tó fìlà kan. Mi ò fẹ́ dà á nù. Ọyẹ́ ń bọ̀, ìbọ̀sẹ̀ ni mo fẹ́ fi gbogbo ẹ̀ hun. Ta ló ti ṣe é rí?

Àṣàkẹ́ Lágeré:
Mo ti ṣe é. Mo ń wọ̀ ọ́ lọ kàwé lóru. Ọ̀tún pupa, òsì yẹ́lò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń bẹ̀bẹ̀ tiwọn.

Ọmọ Ọbòkun:
Òtútù wo ló wà ní Ifẹ̀? Ẹ wá sùn ní Iléṣà nínú oṣù Kìíní kí ẹ rí ọyẹ́ gidi.

Àṣàkẹ́ Lágeré:
Ẹ̀gbọ́n, Ifẹ̀ sí Iléṣà ò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Ṣé ọyẹ́ máa ń wọkọ̀ kọjá wa ni?

Mọmì Kọ́pà:
Jọ́s ni òtútù wà. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti ṣe kọ́pà, orí òkè tó ga ju 1,200 mítà lọ. Ó pè mí pé ẹsẹ̀ òun ti ń kú tipiri lálaalẹ́, ni mo bá fa òwú tó wà nílẹ̀ jáde. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu méjì mẹ́rin ni mo fi hun ún yípo: òwú wà lórí mẹ́ta, ìkẹrin ló ń ṣiṣẹ́. Ojú òwú 64 lórí abẹ́rẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, òwú tín-ín-rín ni. Tẹ́ ẹ bá dé gìgísẹ̀, ìlàjì ojú yẹn lẹ máa mú, ẹ ó máa hun ún lọ, hun ún bọ̀, títí á fi yọ àpò, kẹ́ ẹ tó ṣa ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ padà sí yíyípo. Gìgísẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ já, nítorí náà mo fa òwú náílọ́ọ̀nù tàwọn télọ̀ mọ́ ọn níbẹ̀. Ọmọ mi wọ̀ ọ́ títí ó fi parí, ó ṣì ń wọ̀ ọ́.

Ìyá Ìbejì:
Tọmọ ọwọ́ ni kí n sọ. Kẹ́hìndé mi ké láti alẹ́ mọ́jú. A rò pé inú ló ń run ún. Ìyá mi ló ní ká tú u wò látòkè délẹ̀. Nígbà tá a bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan fi ta wá lọ́rẹ, fọ́nrán òwú kan látinú ẹ̀ ti wé mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ti wú, ó ti pọ́n kuku. Ọsibítù ni wọ́n ti bá wa já a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń hun tọmọdé, ẹ yí inú ẹ̀ síta kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ fún ọmọ.

Àṣàkẹ́ Lágeré:
Yéè! Ẹsẹ̀ ọmọ! Ẹ kú ewu, mà.

Nọ́ọ̀sì Ìlárè:
Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ o. Irun ìyá tó ń já lẹ́yìn ìbímọ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ń ké tí kò dákẹ́, ẹ yẹ ìka ọwọ́, ìka ẹsẹ̀, àti ojú ara ọmọkùnrin wò. Bí òwú náà bá ti wọlé sínú ẹran, ẹ má fi réésà wá a nílé. Ẹ gbé e wá.

Bàbá Télọ̀:
Ẹ ò rí i? Ọmọ wo ló nílò sọ́kísì nínú ooru yìí?

Ìyá Olówùú:
Bàbá Télọ̀, ẹ gbé ọmọ tuntun jáde láago mẹ́fà àárọ̀ nínú ọyẹ́ kẹ́ ẹ tún un sọ.

Adé Parakin:
Bàbá mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Gbogbo sọ́kísì ọjà ló ń fún wọn lọ́rùn ẹsẹ̀, bí wọ́n bá bọ́ ọ, ojú rọ́bà á hàn lára wọn. Ṣé èyí tá a hun nílé lè gbà wọ́n?

Nọ́ọ̀sì Ìlárè:
Ó dáa ju tọjà lọ, bó bá fẹ̀ lókè, tí kò ní rọ́bà, tí kò sì sí kókó nínú ẹ̀. Funfun ni kó jẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún lè tètè hàn, torí ẹlòmíì kì í mọ̀ pé nǹkan gún òun lẹ́sẹ̀. Ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lójoojúmọ́.

Àgbà Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ kọ́kọ́ mọ irú òwú tó jẹ́. Ẹ gé díẹ̀, ẹ dì í mú lórí abọ́ omi, ẹ ṣáná sí i. Bó bá yọ́, tó di kókó líle, tó ń rùn bí ọ̀rá, acrylic, ìyẹn òwú ọlọ́rá, ni, kì í fa òógùn. Bó bá rùn bí irun tó jóná, irun àgùntàn gidi ni. Bí òórùn ẹ̀ bá jọ ti bébà, òwú oko wa ni.

Ọmọ Ọbòkun:
Bàbá, ẹ̀ ń wá ìṣáná lọ́wọ́ wa? Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko!

Adé Parakin:
Òwú oko wà nílé wa. Ìyá àgbà mi ló ran án nígbà tí wọ́n ń hun kíjìpá. Ó ṣì wà nínú igbá.

Mọmì Kọ́pà:
Òwú oko kì í sún padà bó bá ti nà. Ẹ hun ún ní ojú méjì síwájú, méjì sẹ́yìn, látòkè dé ọrùn ẹsẹ̀, á dì mọ́ wọn láìfún wọn.

Bàbá Télọ̀:
Haa! Òwú tí ọwọ́ ìyá àgbà ran, ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ fi wọ̀? Ẹ fi pamọ́ o.

Adé Parakin:
Ẹsẹ̀ ọmọ wọn ni, Bàbá Télọ̀. Ọmọ tí wọ́n fúnra wọn bí.

Ìyá Ìbejì:
Mo wà lẹ́yìn Adé.

Àṣàkẹ́ Lágeré:
Èmi náà.

Bàbá Télọ̀:
Ó dáa. Ẹ fa fọ́nrán kan wò. Bó bá já wẹ́rẹ́, ó ti gbó, ẹ dá a padà sínú igbá. Bí kò bá já, ẹ mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ilódè, màá fún yín ní òwú náílọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ máa fà mọ́ gìgísẹ̀. Ẹ má mówó wá.

Nọ́ọ̀sì Ìlárè:
Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ wọn ẹsẹ̀ Bàbá o. Ìgbà yẹn ló máa ń wú jù.