Ẹ yára gbà mí nímọ̀ràn: bẹntiróòlù ńlá àbí kékeré tó ní tọ́ọ̀bò?

Akẹ́rùTuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ ra píkáàpù tí á máa fa tírélà. Ọ̀la ni mo gbọ́dọ̀ dá ẹni tó ń tà á lóhùn. Ẹ́ńjìnnì Ford 7.3 lítà ló kọ́kọ́ fi hàn mí, ó tún ní 3.5 oní-tọ́ọ̀bò méjì (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) wà nílẹ̀. Èwo ni kí n mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Sípánà14
Mélòó ni tírélà ọ̀hún wọ̀n? Ojoojúmọ́ lẹ máa fà á ni, àbí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù?

IrinGidi
7.3 ni, kò sí àríyànjiyàn. Ford gbé e jáde fún Super Duty, píkáàpù wọn tó wà fún iṣẹ́ líle, ti 2020: búlọ́ọ̀kù irin, 430 hp (agbára ẹṣin), 475 lb-ft (agbára ìyípo tó ń fa ẹrù), kò ní tọ́ọ̀bò. Epo ń gba ẹ̀yìn fáàfù kọjá kó tó wọ sílíńdà, ó ń fọ fáàfù bó ṣe ń lọ, ìdọ̀tí dúdú ò ráyè dì síbẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀, kò lè bàjẹ́. Kí ló tiẹ̀ dé tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ò ṣe 8 lítà fún wa mọ́?

Tọ́ọ̀bòNiMo
Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. 3.5 ti 2021, 500 lb-ft ló ń fà, 3,100 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ló sì ti ń rí i. 475 ni ti 7.3 yín, ó sì gbọ́dọ̀ ké dé 4,000 kó tó rí i. Tí ẹ bá tún ń gun òkè, gbogbo 1,000 mítà tẹ́ ẹ bá gùn ló ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́ọ̀bò, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́.

Ní ti 8 lítà, GM (àwọn tó ń ṣe Chevrolet) ti ṣe 8.1 fún píkáàpù rí, ní 2001. 455 lb-ft ni. 6.6 tí GM kan náà ṣe fún 2020, 464 ni. Wọ́n yọ lítà kan ààbọ̀ kúrò, agbára tún lé sí i. Kí la tún fẹ́ fi 8 ṣe?

IrinGidi
Àbúrò, iye tó lè fà kọ́ ni mo ń sọ o, wákàtí mélòó ló lè fi fà á ni. Tí tọ́ọ̀bò bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i láìsinmi, inú sílíńdà á gbóná janjan. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì á wá máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ, kí pístọ́nì àti katalítíìkì (ohun tó ń fọ èéfín mọ́) lè tutù. Afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1 á já wálẹ̀ sí bíi 12 sí 1. Nígbà yẹn, epo tí kékeré ń mu ò kéré sí ti ńlá mọ́. Ìgbà tí kò bá sí ẹrù lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló ń ṣọ́ epo ná.

BóòtùJá
Ẹ MÁ RA BẸNTIRÓÒLÙ ŃLÁ KANKAN! Bóòtù mánífóòdù sàlẹ́ńsà (páìpù tó ń gba èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì) mẹ́rin ló já lára tèmi, ìdí sílíńdà tó kẹ́yìn ló ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é.

Tọ́ọ̀bòNiMo
Ẹ ò rí i!

IrinGidi
Kí ni wọ́n rí? Ṣé mánífóòdù tọ́ọ̀bò tutù ni? Tiyín gan-an ló ń pọ́n bí iná.

BóòtùJá
Tọ́ọ̀bò tàbí kò sí tọ́ọ̀bò, tèmi já.

Sípánà14
Lítà kọ́ ló ń já bóòtù. Irin ni mánífóòdù, alumíníọ̀mù ni orí sílíńdà. Alumíníọ̀mù ń wú ju irin lọ tó bá gbóná, àwọn méjèèjì á máa fa ara wọn, bóòtù ìpẹ̀kun ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ tanná sí ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Tó bá ń dún ta-ta-ta, tó gbóná tán tó wá dákẹ́, ó ń jò nìyẹn. Ẹ wo etí gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí èéfín dúdú níbẹ̀.

Tó bá ti já, ẹ má sáré gbé dírílì. Ẹ fín epo ìpata sí i, kó sùn mọ́jú. Ẹ gbé náọ̀tì lé kùkùté bóòtù náà, kí wẹ́dà jó o mọ́ ọn láti inú ihò náọ̀tì. Ẹ má bẹ̀rù orí sílíńdà, irin wẹ́dà kì í mú alumíníọ̀mù. Kó tutù díẹ̀, ẹ wá rọra máa yí i síwá, kẹ́ ẹ yí i padà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fagídí yí i lẹ́ẹ̀kan á tún un já sínú, dírílì ló kù. Kẹ́ ẹ tó dè é padà, ẹ fi rúlà irin wo ojú mánífóòdù. Tó bá ti tẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ kó tẹ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bóòtù tuntun náà á já. Àárín lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ síí dè é lọ sí etí, ìgbà méjì, pẹ̀lú ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ọkọ̀.

BóòtùJá
Tó bá rọrùn báyẹn, kí ló dé tí wọn ò fi bóòtù tó nípọn sí i látilẹ̀?

Sípánà14
Mi ò ní ó rọrùn.

OníDísù
Dísẹ́ẹ̀lì ńkọ́?

IrinGidi
Ẹni tó ń rìn ìrìn kúkúrú tó ra dísẹ́ẹ̀lì òde òní, fílítà èéfín rẹ̀ á dí. Kì í gbóná tó kó jó ìdọ̀tí inú rẹ̀.

ÌdíTírélà
Ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ná. Ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà gbọ́dọ̀ jókòó sórí ìkọ́. Tó bá jẹ́ 4,000 kìlò, 400 sí 600 nìyẹn, ẹ tún wá ka èèyàn àti ẹrù ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́ ọn. Ẹ lọ ka iye ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé nínú ìwé tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ píkáàpù ti ń kùnà kí ẹ́ńjìnnì tó mọ̀ pé iṣẹ́ wà. Ẹ tún bi wọ́n léèrè jíà dífárẹ́ńṣà ẹ̀yìn (iye ìgbà tí ọ̀pá tó ń bọ̀ láti gíábọ́ọ̀sì ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan): ẹ́ńjìnnì kan náà, 4.30 á fi bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún fa táyà ju 3.55 lọ.

Akẹ́rùTuntun
Ẹ ṣeun gan-an ni o. Tírélà náà tó bíi 3,600 kìlò, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mo ti fọwọ́ síwèé. 6.8 ni mo mú, jíà 3.73. Òun ni mo lè gbé lọ lónìí.

IrinGidi
6.8? Ta ló dárúkọ 6.8 níbí?

Sípánà14
Kò burú. Ìdílé kan náà lòun àti 7.3, wọ́n kàn gé ìrìn pístọ́nì kúrú ni. 405 hp, 445 lb-ft. Á fa 3,600 kìlò. Ẹ ṣáà tẹ bọ́tìnnì tow/haul (ti fífa ẹrù) kẹ́ ẹ tó gbéra, kí jíà má máa sáré lọ sókè.

BóòtùJá
Ẹ ti wo bóòtù mánífóòdù rẹ̀?