Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe "ìsinmi"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lórí bá a ṣe máa fi Yorùbá pe àwọn ọ̀rọ̀ orin tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "rest" àti "phrase", pé ibi tí orin bá ti dákẹ́ (rest), "ìsinmi" ni ká máa pè é, apá orin tó bá dá dúró bí ọ̀rọ̀ kan (phrase), ká pe ìyẹn ní "àpólà orin". Ẹ má bínú, ìsinmi yẹn ò wọ̀ mí létí rárá.

Ta ló ń sinmi níbẹ̀? Ẹ wo Symphony karùn-ún, orin ńlá tí ọ̀pọ̀ ohun èlò jọ ń dún sí, tí Beethoven kọ, kí "pa-pa-pa-pààà" yẹn tó dún, ìdákẹ́ ààbọ̀ bíìtì, ìwọ̀n tá a fi ń ka orin, ló ṣáájú, ẹnikẹ́ni ò tíì fọn nǹkan kan ṣùgbọ́n ọwọ́ adarí orin ti já wálẹ̀, kíkà ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá lóun ń sinmi á pẹ́ wọlé ni. Bàbá tó kọ́ mi ní dùùrù, á ní "o dákẹ́ ni, o ò tíì sinmi". Ìdákẹ́ ni, ó sì níye. Ibi tí kíkà ti máa ń dúró lóòótọ́ ni abẹ́ fermata, àmì tó rí bí ojú yẹn, orí "pààà" tí mo wí yìí gan-an ló wà, adarí ló mọ ìgbà tó máa tú gbogbo wa sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tún ní "mi" inú ìsinmi náà la fi ń mí. Háà! Ohùn àárín nìyẹn, mí tá a fi ń mí, ohùn òkè ni, ta ló so wọ́n pọ̀? Ọ̀la ẹ máa ní ọmọ ìyá ni ọkọ̀ àti ọkọ́.

Àpólà ńkọ́? Àwọn onígírámà ti lò ó gbó, mo mọ̀, àmọ́ àáké ló ń la àpólà igi. Ohùn tó gòkè, tó dé ṣóńṣó, tó sì rọra ń sọ̀ kí èémí tó tán, ta ló là á? "Ìmí orin" ni tèmi. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín pé ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ á kà á sí ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ fi àmì sí i nígbà náà! Wọ́n ní onídùùrù kì í mí sínú dùùrù, òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kó kọ́kọ́ fẹnu kọ ọ́, kó lè mọ ibi tó yẹ kó gbọ́wọ́ sókè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́ ẹ fara mọ́ "èémí orin" dípò "ìmí orin", ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò láàárín ara yín, ẹnìkan kọ èémí, ẹnìkan kọ èémi, ìkẹta wá kọ ẹ̀mí. Ẹ̀mí kẹ̀? Orin ọ̀hún fẹ́ kú ni?