Báwo ni kí n ṣe mú kí ẹgbẹ́ wẹ́dà wa gba ìbojú?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Wẹ́dà ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi kan jórin láìbo ojú. Lọ́sàn-án, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìgbà tó di òru ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé iyanrìn kún ojú òun. Omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò, kò lè wo iná gílóòbù. Bí iná wẹ́dà ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó máa ń tó wákàtí mélòó kan kó tó jáde síni lójú. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ba àwọn ọmọ lẹ́rù.

Mo gbé e dé ìpàdé pé ká dáwó ra ìbojú, ká sì máa bu owó ìtanràn fún ẹni tó bá fi gíláàsì oòrùn lásán jórin. Àwọn bàbá ní bí àwọn ṣe ń ṣe é láti ogójì ọdún nìyẹn. (Ọ̀kan nínú wọn kì í rí ìwé kà mọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́?) Ká ní owó aṣọ Ojúde Ọba ni, yóò ti pé tipẹ́.

Èéfín páìpù tí wọ́n fi síńkì bò, tó máa ń dá ibà síni lára lálẹ́, n ò tíì dá ìyẹn sílẹ̀ rárá.

Ṣé kí n pe ẹnìkan láti ISPON, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ààbò ibi iṣẹ́, wá bá wọn sọ̀rọ̀, àbí nọ́ọ̀sì ojú ni? Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo gbé àlejò wá kọ́ wọn níṣẹ́ wọn.