Porsche 911 àtijọ́ tó ń rú èéfín: ṣé kí n rà á?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọkọ̀ àtijọ́ dénú. Mo fẹ́ ra Porsche 911 Carrera 3.2 ti ọdún 1986. Ara rẹ̀ kò dípẹtà rárá, ẹ́ńjìnnì ló ń kọ mí lóminú.

Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì rẹ̀, ó máa ń rú èéfín díẹ̀. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù, torí sìlíńdà rẹ̀ dùbúlẹ̀ ni, ọ́ìlì díẹ̀ sì máa ń ṣẹ́kù sínú rẹ̀ tí wọ́n bá pa á. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tí mo tún tẹ̀ ẹ́, èéfín búlúù á tún yọ, bẹ́ẹ̀ valve guide (ihò tí fáàfù ń gbà lọ gbà bọ̀; tó bá ti jẹ, ọ́ìlì á máa jò wọ sìlíńdà) ni àìsàn tí wọ́n mọ̀ mọ ẹ́ńjìnnì yìí.

Ẹni tó ń tà á ní compression rẹ̀ (bí sìlíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó) dára. Ṣé ìyẹn lè sọ bí guide ṣe jẹ tó? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé àtúnṣe rẹ̀, kò síbi tí wọ́n ti mẹ́nu kan orí ẹ́ńjìnnì, níbi tí guide wà, rí.

Ṣé gbogbo owó tí a ó fi sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ ni kí n ní kó yọ nínú owó ọkọ̀ náà, àbí ìdajì? Ó ní àwọn tó fẹ́ rà á pọ̀ (kí ló tún fẹ́ sọ!). Ẹ̀yin tí ẹ ti ra irú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe dúnàá-dúrà?