Wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì nítorí Basic Instinct: kí ni kí n ṣe?

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin ará, inú mi bàjẹ́ gidigidi. Èmi ni mo máa ń yan fíìmù tí ẹgbẹ́ wa ń wò pọ̀ ní ìparí oṣù, èmi náà ni mo sì ń fi owó ara mi ra epo jẹnẹrétọ̀. Mo yan Basic Instinct, tí Paul Verhoeven darí lọ́dún 1992, nítorí pé n kò tíì rí fíìmù ìpànìyàn mìíràn tí ó kó iyèméjì bá òǹwòran tó bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé kan, Catherine Tramell, tí Sharon Stone ṣe, ti kọ ikú olórin kan sínú ìwé rẹ̀. Bí ó ti kọ ọ́ gan-an ni wọ́n ṣe wá pa olórin kan ní San Francisco. Kàkà kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ nípa ọgbọ́n yìí, ariwo ìṣekúṣe ni wọ́n ń pa. Ẹni tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù kì í san owó oṣù! Ṣé kí n tọrọ àforíjì, àbí kí n fi ipò sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Èmi àti ọkọ mi jiyàn lórí fíìmù yẹn di òru: ó ní Beth, dókítà ọpọlọ tí ó ń tọ́jú ọlọ́pàá tí ó ń wádìí ikú olórin náà, ni apànìyàn, èmi sì ní irin ṣóńṣó ìfọ́yìnyín, irú èyí tí wọ́n fi pa olórin náà, tí a rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Catherine ní ìparí ti tú àṣírí rẹ̀. Ẹ tọrọ àforíjì, kí àlàáfíà lè wà.

Bàbá Káyọ̀dé: Àforíjì kẹ̀? Ẹnìkan kì í tọrọ àforíjì nítorí iṣẹ́ ọnà. Àbùkù tí mo rí nínú rẹ̀ yàtọ̀: àwọn obìnrin tí ó ń fẹ́ obìnrin ni ó sọ di apànìyàn, ìdí nìyẹn tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ fi wọ́de ní San Francisco nígbà tí wọ́n ń ya á lọ́wọ́. Sharon Stone sì kọ ọ́ sínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ lọ́dún 2021 pé, níbi tí àwọn ọlọ́pàá inú fíìmù náà ti ń fọ̀rọ̀ wá Catherine lẹ́nu wò, àwọn tí ń ya fíìmù náà sọ fún òun pé ìhòòhò òun kò ní hàn. Verhoeven ní kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ ni n kò ti lè wo ibẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ọnà. Àwọn wo ni ó jókòó wò ó, ẹ̀gbọ́n? Ẹ kò sọ.

Àdùkẹ́: Bàbá Káyọ̀dé, àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ni orí wọn pé jù nínú fíìmù náà. Ní ti àwọn òǹwòran, àgbàlagbà ni wọ́n, àfi àwọn ọmọ alága wa méjì tí wọ́n tẹ̀ lé ìyá wọn. Èmi kọ́ ni mo pè wọ́n. Ìkéde tí mo kọ kò ju pé fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, kí n má baà tú ìtàn náà fún wọn.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ọmọ ọdún mélòó?

Àdùkẹ́: Èyí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 14. Ìyá wọn ìbá ti mú wọn jáde.

Bàbá Káyọ̀dé: Ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Ní ìlú Ọba, ẹni tí kò bá tó ọdún 18 kò gbọdọ̀ wọ sinimá lọ wò ó. Ìyá náà kò mọ ohun tí ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá wò, nítorí ẹ kò sọ fún un. Ẹ lọ bá a nílé kí ẹgbẹ́ tó pàdé.

Ìyá Ìbejì: Ohun tí mo sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹ tọrọ àforíjì.

Àdùkẹ́: N ó lọ rí i lọ́la nítorí àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n n kò ní dúró níwájú ẹgbẹ́ kí n sọ pé fíìmù náà kò dára.