Àfikún ìkẹyìn: ibi tí ₦567.60 yẹn wọlé sí

Ìbéèrè tí mo gbé síbí ni pé èrè ₦1,800 ni ìṣirò mi gbé jáde lórí ìpín ìdókòwò 600 tí mo tà, àmọ́ ₦1,232.40 ni alágbàtà kọ; ìyàtọ̀ wọn ni ₦567.60 yẹn. Ó ti yanjú. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin tí ẹ ní kí n lọ wo contract note (ìwé tí alágbàtà fi ń ṣàlàyé iye tí a rà tàbí tà àti owó tó yọ).

Iye ọjà nìkan ni mo kà. Mo kọ́kọ́ ra 1,000 ní ₦20. Owó alágbàtà, owó SEC (àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò), stamp duty (owó òǹtẹ̀ ìjọba) àti VAT (owó orí ọjà) gba ₦360. Lẹ́yìn náà, mo ra 500 ní ₦26, pẹ̀lú ₦234 fún irú owó yẹn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦33,594. Pín in sí 1,500, ẹyọ kan di ₦22.396, kì í ṣe ₦22 tí mo kọ́kọ́ lò. (Ẹni tó bá ro ₦20 pọ̀ mọ́ ₦26, tó wá pín in sí méjì, ti ṣìnà pátápátá: iye tó rà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba.)

Títà: 600 ní ₦25 jẹ́ ₦15,000. Wọ́n yọ ₦330 fún owó títà, ₦14,670 wọlé. Ẹ yọ ₦13,437.60 tí mo fi rà wọ́n kúrò, ó ku ₦1,232.40, ìyẹn 9.17% owó tí mo fi rà wọ́n.

Ó ku 900 lọ́wọ́, tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦20,156.40. Bí ilé-iṣẹ́ bá fún wa ní bonus (ìpín ọ̀fẹ́) ẹyọ 1 lórí 5, yóò di 1,080, ẹyọ kan á sì wálẹ̀ sí ₦18.66. Áàpù tó bá ṣì ń lo ₦22.396 á máa fi àdánù tí kò sí hàn yín.

Dividend (èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ìpín) ńkọ́? Ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni nínú ìṣirò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí 10%.