Bí mo ṣe máa to ṣáàtì márùn-ún sójú kan nínú Matplotlib (irinṣẹ́ tí èdè kọ̀ǹpútà Python fi ń ya ṣáàtì), ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá Python. Iye owó ọjà Ìpàta àti Ọjà Ọba n'Ílọrin níbí ni mo ń yà, ẹ̀lùbọ́, gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì, epo pupa. Mo lo plt.subplots(2, 3), ìyẹn ìlà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè mẹ́ta, àyè kan wá ṣófo nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún bí ibi tí eyín ti yọ, ṣé kí n fi axs[1, 2].set_axis_off() pa á rẹ́ ni àbí kí n gbé legend (àlàyé ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún) síbẹ̀? Àkọlé tó ń gun ara wọn, layout="constrained" ti bá mi yanjú ìyẹn. Èyí tó ń dà mí láàmú gan-an ni sharey=True, tó ń mú kí gbogbo ṣáàtì lo ìwọ̀n òòró kan náà: tí mo bá fi sí i, gàrí á sùn sílẹ̀ gbalaja torí owó ìrẹsì ga jù, tí mo bá sì yọ ọ́, ẹni tó bá wò ó á rò pé owó méjèèjì dọ́gba, irọ́ gbáà sì ni. Ọ̀gá mi tún ní kí ìrẹsì nìkan gba gbogbo òkè, kí mẹ́rin tó kù tò sísàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo GridSpec àti subplot_mosaic, ọ̀nà méjì tí Matplotlib ní láti to ṣáàtì tí ìwọ̀n wọn ò dọ́gba, èwo ló rọrùn láti tún ṣe tí wọ́n bá ní kí n fi oúnjẹ míì kún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ lo Excel o.